Orúkọ ara ìwé bàbá àgbà wa kì í ṣe orúkọ wa, báwo la ṣe máa mọ ẹbí wa?

Ìbéèrè tó wọlé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá wa kú lọ́dún tó kọjá, ìgbà tá a wá ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́ la rí àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé àtijọ́ ló kún inú ẹ̀, ti bàbá tó bí wọn ni. A ò mọ bàbá àgbà yẹn rí, bàbá wa ò sì sọ ju pé ‘ará Èkìtì ni wọ́n, wọ́n kú nígbà tí mo wà ní kékeré’. Risíìtì owó orí méje ló wà ńbẹ̀, káàdì ìsàmì kan, lẹ́tà kan láti Gold Coast, ìwé àdéhùn oko kòkó ní ẹ̀gbẹ́ Oǹdó tí wọ́n tẹ ìka sí, ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àti fọ́tò ọkùnrin mẹ́ta. Ṣùgbọ́n orúkọ ara àwọn ìwé yẹn, Fá ló fi bẹ̀rẹ̀, tiwa fi Olú bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ará Oǹdó ni wá nítorí ìwé oko yẹn. Níbo la ti máa bẹ̀rẹ̀?”

Ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá o, àbúrò mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí n tó sọ nǹkan míì, ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé ìwé tó gbé dání tó fi ń sọ pé ará Oǹdó ni yín, ìwé yẹn gan-an ló máa sọ pé ẹ kì í ṣe ará Oǹdó. Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀, kó fara balẹ̀ ná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹ̀mí àwọn ìwé yẹn là. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan ti sọ nílé yín pé “ẹ jẹ́ ká lọ láminéètì gbogbo ẹ̀”. Ẹ má dán an wò. Gbígbóná ẹ̀rọ yẹn á yan ìwé tó ti gbó, tádàwà tó ti ń ṣá á tún ṣá sí i, tẹ́ ẹ bá sì ti lẹ̀ ẹ́ tán kò ṣeé bó mọ́. Sẹ́lótéèpù náà ńkọ́, ẹ jìnnà sí i. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé ìgbéyàwó ìyá ìyá mi ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn nígbà tí mi ò tíì gbọ́n, ibi tí mo lẹ̀ gan-an ló ti pọ́n bí omi tíì báyìí, ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ ò ṣeé kà mọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣera mi. Tí pín-ìn-nì tàbí kílíìpù bá wà lára wọn tó ti dípẹtà, ẹ rọra yọ ọ́, ẹ má fà á. Ẹ gbé wọn síta nínú òjìji lọ́sàn-án, kì í ṣe inú oòrùn, kẹ́ ẹ fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan láì tan fíláàṣì, kódà ẹ̀yìn tó dà bíi pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ yà á. Pẹ́ńsùlù ni kẹ́ ẹ fi kọ nọ́ńbà sí igun ẹ̀yìn, kì í ṣe báírò. Bẹ́ ẹ sì ṣe bá wọn nínú àpótí ni kẹ́ ẹ ṣe tò wọ́n, torí tí bàbá àgbà bá ká ìwé méjì pọ̀ mọ́ra wọn, ó nídìí tí wọ́n fi ká a pọ̀, tẹ́ ẹ bá ti dà á rú ìdí yẹn lọ nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ kó wọn sínú ẹ́ńfílóòpù, ẹ gbé e sórí ṣẹ́ẹ̀fù, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ikán á ti bá yín kà á.

Ó yá, orúkọ. Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ló máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà, wọ́n á rí orúkọ kan lára ìwé, wọ́n á wọ Facebook, wọ́n á máa wá gbogbo ẹni tó ń jẹ́ ẹ, wọ́n á ní àwọn ti rí ẹbí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ pa orúkọ tì ná. Sọ́nẹ́ẹ̀mù tí gbogbo wa ń jẹ́ yìí, iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló kó o wá. Bàbá àgbà yín ní orúkọ tiwọn, bàbá tó bí wọn ní tiẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dé iwájú tísà tí tísà bi wọ́n pé “kí ni orúkọ bàbá ẹ”, ohun tí wọ́n bá fi dáhùn ló di sọ́nẹ́ẹ̀mù. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ṣèèṣì lọ síléèwé míì lè fi orúkọ bàbá bàbá wọn dáhùn, àbúrò tí ò délé ìwé rárá á kàn máa jẹ́ orúkọ ara ẹ̀. Mo ti rí ọmọ bàbá kan náà mẹ́ta tí sọ́nẹ́ẹ̀mù wọn ò jọra wọn, àwọn ọmọ wọn ò sì mọ̀ pé ẹbí làwọn títí tí wọ́n fi pàdé níbi ìsìnkú.

Ní ti Fá àti Olú yẹn, èyí ò le. Ifá ló wà nínú Fá. Ó fi hàn pé ilé tí wọ́n ti sọ bàbá àgbà yín lórúkọ, ilé onífá ni tàbí pé ẹsẹ̀ Ifá ni wọ́n ti tọrọ ọmọ náà. Nígbà tí ìgbàgbọ́ wá dé, ọ̀pọ̀ èèyàn gé orí orúkọ kúrò wọ́n fi ìrù ẹ̀ sílẹ̀, Ifá di Olú, Ògún di Olú, òmíì tiẹ̀ di Jésù. Ní Èkìtì ńbí, ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ọọ̀yè nílùú Iléṣà ní 1930, tó ràn dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè tó sì gba àwọn ìlú wa kan, nígbà yẹn àwọn èèyàn kó oògùn àti òrìṣà jóná ní gbangba, àwọn kan sì kó orúkọ òrìṣà dà nù mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí: ẹ fi orúkọ ara risíìtì àti sọ́nẹ́ẹ̀mù tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ wo ìrù méjèèjì. Tí ìrù bá bára mu, orúkọ kan náà ni, bàbá àgbà tàbí bàbá yín ló yí orí ẹ̀. Tí ìrù ò bá bára mu, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ orúkọ bàbá, èkejì orúkọ ọmọ, ìyẹn náà ò burú, ìran kan lẹ tún fi gòkè sí i yẹn.

Ẹ tún mọ̀ pé akọ̀wé tó ń kọ risíìtì nígbà yẹn lè jẹ́ ọmọ Èkó tàbí ọmọ Abẹ́òkúta, ohun tí etí ẹ̀ bá gbọ́ ló ń kọ. Kò sí àmì kankan, ‘ṣ’ á di ‘sh’ tàbí ‘s’ lásán, ‘ẹ’ àti ‘e’ á di ọ̀kan náà. Àwa Èkìtì sì rèé, ibi tí àwọn tó kù bá ti ń sọ ‘ilé’ àwa ń sọ ‘ulé’, ‘iṣu’ wa ‘uṣu’ ni, àwọn àgbà ìlú yín gan-an ń pe Ìkẹ́rẹ́ ní Ùkẹ́rẹ́. Torí náà tí orúkọ tàbí àdúgbò kan bá fi U bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé tẹ́ ò dá a mọ̀, ẹ fi I rọ́pò ẹ̀ kẹ́ ẹ tún un kà. Orúkọ ìlú náà máa ń yí. Ìlúpéjú tá a mọ̀ lónìí, ‘Egosi’ lẹ máa bá nínú ìwé àtijọ́. Àkúrẹ́ fúnra ẹ̀ wà nínú Ekiti Division láyé òyìnbó kí wọ́n tó yà á sọ́tọ̀, tẹ́ ẹ bá rí “Akure, Ekiti Division” ẹ má ṣe rò pé akọ̀wé ló ṣìwé kọ.

Èmi ti tẹ̀lé orúkọ rí, mo sì jìyà ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń lọ ń bọ̀ sí ìlú kan lọ́nà Ìyìn torí pé orúkọ wọn bá ti bàbá ìyá mi mu, mo gbé ọtí lọ, mo gbé obì lọ, wọ́n gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ti ń pè mí sí ìpàdé ẹbí, owó oṣù ni mò ń san níbẹ̀ o. Ìgbà tí mo wá padà tú ìwé wò dáadáa ni mo rí i pé ẹni méjì tó jẹ́rìí sí àdéhùn bàbá àgbà mi, ará Ọyẹ́ ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ìyẹn ni mo délé. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé wá fún mi, mi ò kì í ka orúkọ ẹni tó ni ín, àwọn tó wà láyìíká ẹ̀ ni mo máa ń kà: ta ló jẹ́rìí, ta ló gbà á wọlé, ta ló ní kí wọ́n bá òun kí. Èèyàn lè yí orúkọ ara ẹ̀ dà, kò lè yí orúkọ àwọn tó dúró tì í dà.

Ìdí nìyẹn tí ìwé oko kòkó yẹn fi ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo àpótí yẹn. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀ fún mi: ‘ìṣákọ́lẹ̀’. Wọ́n lè kọ ọ́ bíi ‘ishakole’ tàbí ‘isakole’. Tẹ́ ẹ bá rí i pé bàbá àgbà yín ń san án, yálà owó ni o, ẹmu ni o, tàbí kòkó díẹ̀ lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ ti tán. Onílẹ̀ kì í san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá ẹ̀, àlejò ló ń san án fún onílẹ̀. Àwọn ará Èkìtì tó lọ dá oko kòkó sí ẹ̀gbẹ́ Oǹdó, Ilé-Olújì, Ifẹ̀, wọn ò lóǹkà, torí igbó ibẹ̀ ń gba kòkó, wọ́n á kọ́ abà síbẹ̀, wọ́n á máa ti ibẹ̀ wálé ọdún. Ìwé yẹn ń sọ pé bàbá àgbà ti ibòmíì wá. Kí àbúrò yín jọ̀ọ́ sinmi.

Ibo ni wọ́n wá ti wá? Ìsàlẹ̀ ìwé náà ni kẹ́ ẹ lọ. Nínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́rìí máa ń wà fún onílẹ̀, ó sì máa ń wà fún àlejò. Àlejò tó ń gba ilẹ̀ lọ́nà jíjìn, ta ló máa mú dání tí kì í bá ṣe ẹni tí wọ́n jọ tilé wá, ẹ̀gbọ́n, àna, tàbí ará àdúgbò tó ti ṣáájú ẹ̀ dé abà? Ẹ kọ orúkọ ẹlẹ́rìí àlejò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìlú tí wọ́n bá kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àtàǹpàkò lásán ni wọ́n tẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ akọ̀wé á ti kọ orúkọ onítàǹpàkò sí i lára. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ kan níbẹ̀ o: èyí tí wọ́n kọ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n kọ àdírẹ́sì tì, tí ìwé ọwọ́ ẹ̀ dára jù. Létà ráítà nìyẹn. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí ò mọ̀wé ló ní kí ẹni tó báni kọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara ẹ̀ sí i, kì í ṣe ẹbí yín. Ẹnì kan ti gbé létà ráítà fún mi rí pé “bàbá àgbà wa rèé”, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Risíìtì owó orí méje yẹn, ẹ tò wọ́n bí ọdún ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Tí ọdún bá pé méjì, bíi 1947/48, ọdún owó kan náà ni, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹta ọdún kejì ni ìjọba òyìnbó ń ka ọdún owó wọn, ẹ má kà á sí méjì. Ṣílè ni owó ẹ̀ máa jẹ́, torí 1 oṣù kìn-ín-ní 1973 la ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà àti kọ́bọ̀. Ẹni tí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹ̀ ti bàlágà, nítorí náà ọdún tó wà lára risíìtì àkọ́kọ́ ń sọ fún yín pé ó kéré tán wọ́n ti tó géńdé nígbà yẹn, ẹ kà á padà sẹ́yìn, ẹ ti rí nǹkan bí ọdún tí wọ́n bí wọn. Èyí sàn ju ọjọ́ orí tí wọ́n bá búra fún nílé ẹjọ́ lọ, ìyẹn ṣeé fi wá iṣẹ́ ni. Ohun tó jù nínú risíìtì yẹn ni ìlú àti àdúgbò. Nílé lẹni tó wà lábà sábà máa ń fẹ́ san owó orí ẹ̀ sí, ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò ẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé ó ti sọnù. Tí mẹ́fà nínú méje bá ní ìlú kan náà tí ọ̀kan bá yàtọ̀, ìlú tó wà lára mẹ́fà yẹn lẹ máa lọ, ọ̀kan yẹn lè jẹ́ ọdún tí akódà, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀, ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà oko. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ ò mọ̀, ọkùnrin tí risíìtì ò bá sí lápò ẹ̀ nígbà yẹn, igbó ló ń sá wọ̀ tó bá rí akódà. Ẹ wá mọ ìdí tí bàbá àgbà fi tọ́jú tiwọn bí ojú.

Lẹ́tà Gold Coast wá ni mo fẹ́ràn jù. Àkókò ẹ̀ kọ́kọ́: tí wọ́n bá kọ ‘Gold Coast’ sórí ẹ̀, ó ṣáájú 6 oṣù kẹta 1957 tí ibẹ̀ di Gánà. Tí sitáǹpù bá ṣì wà lára ẹ́ńfílóòpù, ẹ wo orí ta ló wà ńbẹ̀. Ọba George Karùn-ún jẹ títí di 1936, George Kẹfà láti ọdún yẹn títí di 1952, lẹ́yìn náà ni Ọbabìnrin Elizabeth. Oǹtẹ̀ pósítọ́fíìsì tí wọ́n lù sórí sitáǹpù á sì fún yín ní ọjọ́ gan-an pẹ̀lú ìlú tí wọ́n ti fi ránṣẹ́, tẹ́ ẹ bá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ máa rí i kà. Ẹ wo àdírẹ́sì náà dáadáa, mo fẹ́ fi owó tẹ́tẹ́ pé ‘c/o’ wà ńbẹ̀. Ilé tó ní nọ́ńbà ò wọ́pọ̀ nígbà náà, ọ̀dọ̀ tísà, kátíkíìsì tàbí ọ̀gá iléèwé ni lẹ́tà ń gbà dé ọwọ́ èèyàn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ‘c/o’ yẹn àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí iléèwé ẹ̀, ìlú tí bàbá àgbà ń gbé nìyẹn lọ́dún yẹn, kò ní àríyànjiyàn.

Àmọ́ inú lẹ́tà ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń ka òkè lẹ́tà, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ owó àti àìsàn, wọ́n á fo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ gan-an ni ẹbí yín wà. Gbogbo lẹ́tà ayé àtijọ́ ló máa ń parí pẹ̀lú “ẹ bá mi kí”: ẹ bá mi kí ìyá mi, ẹ bá mi kí bàbá mi ní òkè ọjà, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọmọ ẹ̀, ẹ bá mi kí ìyàwó tuntun, ó lè gba ojú ìwé odidi kan. Ìwé ẹbí rèé tẹ́nì kan ti kọ sílẹ̀ fún yín láì mọ̀! Ẹ kọ gbogbo wọn síta, ẹ wo bí wọ́n ṣe tò wọ́n, ẹni tó bá kọ́kọ́ kí ló máa ń jẹ́ àgbà jù nínú agbo ilé. Kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí létí tiwa lónìí ni kẹ́ ẹ fi kà á o. ‘Bàbá mi’ lè jẹ́ àbúrò bàbá, ‘ìyá mi’ lè jẹ́ ìyàwó àgbà nínú ilé, ‘àbúrò mi’ lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá. Tẹ́ ẹ bá délé, tí àgbà kan bá ní “ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà yín ló kọ ọ́”, ẹ bi wọ́n léèrè pé ṣé iyèkan ni wọ́n ni àbí ọbàkan. Iyèkan, ìyá kan náà ló bí wọn, ọbàkan, bàbá ló pa wọ́n pọ̀. Nílé olórogún, ìbéèrè yẹn á là yín lójú ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí ìdí igi, ìyẹn ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tiẹ̀, lọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti máa ń pín ogún, ibi tí ẹsẹ̀ ìyá bá wà ni ìtàn máa ń wà.

Ohun kan tó máa ń tan èèyàn jẹ: àwọn kan á ní tí ẹni tó kọ lẹ́tà bá sọ ‘ìwọ’, ó ju ẹni tó kọ ọ́ sí lọ, tó bá sọ ‘ẹ̀yin’, ó kéré sí i. Ìyẹn lè ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Ní tiwa ńbí, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará Èkìtì ò mọ àgbà í kí, torí lédè wa èèyàn lè sọ ‘ìwọ’ fún bàbá àgbà láìsí àfojúdi kankan níbẹ̀. Ẹni tó jókòó ní Gold Coast tó ń fi Yorùbá Bíbélì kọ̀wé, bí Èkìtì bá ti yọ́ sí i lẹ́nu, ‘o’ àti ‘ẹ’ á dàpọ̀. Ẹ má fi gbé ìdájọ́ kalẹ̀.

Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn náà, ẹ má gbàgbé ẹ̀. Tó bá dúró sí Gánà títí di oṣù kọkànlá 1969, wọ́n wà lára àwọn tí ìjọba Gánà lábẹ́ Busia fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde nílùú tí wọn ò bá ní ìwé ìgbélùú. Ọ̀pọ̀ wọn wálé lọ́wọ́ òfo. Ní ìlú kékeré, àwọn èèyàn ṣì máa ń rántí ilé tí wọ́n ń pè ní ‘ilé ará Gánà’. Tẹ́ ẹ bá délùú, ẹ bèèrè ìyẹn kẹ́ ẹ tó bèèrè orúkọ.

Káàdì ìsàmì: káàdì yẹn fúnra ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan, ìwé ńlá tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ̀rọ̀. Rẹ́jísítà ìsàmì Áńgílíkà máa ń ní ọjọ́, orúkọ, orúkọ òbí, ibi tí wọ́n ń gbé àti iṣẹ́ bàbá. Tó bá jẹ́ pé àgbà ni wọ́n kí wọ́n tó ṣe ìsàmì fún wọn, ẹ wo orúkọ àwọn tó dúró fún wọn, èyí sì tún bọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí tí mò ń sọ. Tó bá jẹ́ Kátólíìkì, ẹ múra sílẹ̀ fún Látìn, àmọ́ wọ́n máa ń kọ ìgbéyàwó ẹni náà sí etí ìwé níbi orúkọ ìsàmì ẹ̀, ẹ lè bá ìyàwó níbẹ̀ lófẹ̀ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ kọ lẹ́tà sí fíkà ṣáájú, ẹ kọ ọjọ́ tó wà lára káàdì yẹn mọ́ ọn, ẹ má ṣe dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín wo “gbogbo ẹni tó ń jẹ́ báyìí”, kò sẹ́ni tó máa ṣe é.

Ìwé alájẹṣẹ́kù ò le, orúkọ ẹgbẹ́ àti abà tó wà lára ẹ̀ lẹ kàn fẹ́, ó á kín ìwé oko lẹ́yìn. Fọ́tò, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ fún oǹtẹ̀ ẹni tó ya fọ́tò náà àti ìlú ẹ̀. Ilà ojú tẹ́ ẹ bá rí lójú àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún àwọn àgbà láti wò, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fi sọ ìlú yín fún yín.

Kẹ́ ẹ tó dé ìlú kankan, ṣé kẹ́ ẹ lọ sí Ìbàdàn? Ilé ìwé àtijọ́ ìjọba àpapọ̀ wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, fáìlì òyìnbó tó jẹ mọ́ wa wà níbẹ̀ lábẹ́ ‘Ekiti Div’ (Ekiti Division) àti ‘Ondo Prof’ (Ondo Province), ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS náà wà níbẹ̀. Ìròyìn tí àwọn aláṣẹ òyìnbó kọ ní àwọn ọdún 1930 lórí ìlú kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní ‘Intelligence Report’, á to àdúgbò, ìjòyè àti ìtàn ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá lẹ́sẹẹsẹ. Ó dùn ún kà. Àmọ́ mi ò ní gbà yín níyànjú pé kẹ́ ẹ fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ mẹ̀kúnnù kì í pọ̀ nínú fáìlì òyìnbó àfi tó bá lọ sí kóòtù tàbí tó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹ mọ ìlú àti àdúgbò ná, kẹ́ ẹ tó san owó mọ́tò. Tí risíìtì bá wá fi hàn pé Òtùn tàbí agbègbè ẹ̀ ni, ẹ rántí pé abẹ́ Ìlọrin ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dá wọn padà sí Èkìtì, fáìlì wọn tó pẹ́ jù, Kàdúná lẹ máa bá a.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá délùú, ẹ má lọ fúnra yín lásán, ẹ wá ẹnì kan tó mọ ibẹ̀ kó mú yín dé ọ̀dọ̀ olórí àdúgbò. Ẹ̀dà ìwé ni kẹ́ ẹ mú dání, ẹ fi ojúlówó sílé. Ẹ má dárúkọ ilẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rárá o, torí ohun tó kọ́kọ́ máa wọ ọkàn gbogbo ilé ni pé ẹ wá gba ogún, tí ìyẹn bá ti wọlé, ẹnu á pa dé. Ẹ ní ẹ wá mọ̀ wọ́n ni. Ẹ béèrè ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ti ṣe nínú ẹbí, gbogbo ilé l’Èkìtì ló ní ín kún abẹ́ àga, ìtàn ìgbésí ayé òkú àti orúkọ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ọmọ àti àwọn àna ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ẹ ya gbogbo ẹ̀. Ẹ ka ara sàréè iwájú ilé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ọdún, ẹ má bi àgbà pé “ọdún wo”, ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti bí i nígbà tí òkùnkùn ṣú lọ́sàn-án gangan, 1947 nìyẹn, tàbí ṣé ó ti ń lọ síléèwé nígbà tí ìwé di ọ̀fẹ́, oṣù kìn-ín-ní 1955.

Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n dákẹ́ níbì kan. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn ò tú ká pátápátá lójú ogun títí di 1893 kó àwọn èèyàn kúrò nílé wọn, ó kó àwọn míì wọ ilé tí kì í ṣe tiwọn, ẹrú wà, ìwọ̀fà wà, ẹni tó sá wọ̀lú wà. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ síwájú tí bàbá kan wá ní “ìyẹn ò kàn yín”, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ má fi dandan gbọ̀n. Ẹ lè wá bá ìyá àgbà kan nínú ilé yẹn lẹ́yìn, lálẹ́, níbi tí àwọn ọkùnrin ò sí. Àwọn ìyá ló máa ń mọ ẹni tó bí ta, ẹni tó wọlé báwo.

Mi ò tíì rí àwọn ìwé yín, torí náà kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ fi fọ́tò mẹ́ta péré ránṣẹ́ sí mi: ìsàlẹ̀ ìwé oko níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ti tẹ̀ka, ojú ìwé tó gbẹ̀yìn nínú lẹ́tà Gold Coast, àti risíìtì tí ọdún ẹ̀ pẹ́ jù. Kí wọ́n hàn kedere o, ẹ má gé etí wọn kúrò.